Aṣọ Tí Télọ̀ Gé fún Àbúrò Rẹ̀

[Fóònù ń dún nínú ilé ìfọṣọ kan, lọ́sàn-án gangan. Ayọ́nù gbígbóná ń mí fùú-fùú lórí aṣọ. Obìnrin tó ń lọ aṣọ níbẹ̀ nu ọwọ́ sára yẹ̀rì rẹ̀ kó tó gbé fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè, Télọ̀, ọmọ ìyá kan náà, ẹni tí kì í pè é àfi tí ẹ̀gún bá wà lẹ́nu rẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Hẹlóò? Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá mi.

TÉLỌ̀: Káàsán, káàsán. Ṣé dáadáa ni?

ÀBÚRÒ: Dáadáa ni o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ—

TÉLỌ̀: Ó kó wọn lọ sílé ìyá ẹ̀. Àgbá, ibo lo wà?

ÀBÚRÒ: Ibi iṣẹ́. Mo sì ti ní kí ẹ yéé pè mí bẹ́ẹ̀.

TÉLỌ̀: Kí ni kí n wá pè ọ́? Abẹ́rẹ́?

[Ẹ̀rín. Láti kékeré, imú ni ẹ̀rín Télọ̀ ti máa ń gbà jáde.]

ÀBÚRÒ: Ẹ pè mí ní orúkọ tí ìyá wa sọ mí.

TÉLỌ̀: Ìyá wa ò mọ̀ pé o máa fẹ̀ tó báyìí nígbà tó ń sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ tìtorí ẹ̀ pè mí. Aṣọ oníbàárà kún iwájú mi.

TÉLỌ̀: Fitting ńkọ́? Ṣebí mo ní kó o wá wọ aṣọ ẹ wò lánàá?

ÀBÚRÒ: Mo wá. Mo kanlẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ẹ ò dáhùn.

TÉLỌ̀: Mò ń gé aṣọ ni. Tí mo bá ń gé aṣọ, n kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. O mọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ta ni ò mọ̀? Ẹ ó ti ilẹ̀kùn irin, ẹ ó ti ti pákó, ẹ ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn bí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Ìyàwó yín gan-an, ojú wíńdò ló ti ń na oúnjẹ sí yín bí ẹni ń bọ́ ẹyẹ.

TÉLỌ̀: Aṣọ tí ojú bá rí kó tó pé, kì í bá ẹni tó ni ín mu. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì—

ÀBÚRÒ: Ó dáa, ó dáa. Ṣé ó ti wá pé báyìí? Sátidé ti dé tán o. Kóòtù ìgbéyàwó ò ní dúró dè mí, Dírẹ́bà tó fẹ́ fẹ́ mi náà ò ní dúró dè mí.

TÉLỌ̀: Dírẹ́bà! Ìyàwó tó máa kún mọ́tò fún un ló rí fẹ́. Kò ní lè gbé èrò mọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú àwàdà.

[Nǹkan irin kan já bọ́ sórí ilẹ̀ lọ́dọ̀ Télọ̀, gbàràgàdà.]

ÀBÚRÒ: Kí nìyẹn?

TÉLỌ̀: Sísọ́ọ̀sì. Láti àárọ̀ ló ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń gé aṣọ tó tó àgọ́, ṣé apá ẹ̀ ò ní kú ni?

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá, ẹ gé e sí ìwọ̀n tí ẹ mú lára mi, àbí?

TÉLỌ̀: Hẹlóò? Nẹ́tíwọ̀kì yìí—

ÀBÚRÒ: Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣé ìwọ̀n mi lẹ fi gé e?

TÉLỌ̀: Mo yọ díẹ̀ níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ yọ kí ni?

TÉLỌ̀: Díẹ̀. Níbàdí. Láyà náà. Mo gé e sí ara tó yẹ kó o ní.

[Ayọ́nù dákẹ́.]

ÀBÚRÒ: Ara tó yẹ kí n ní.

TÉLỌ̀: Oore ni mo ṣe ọ́! Mo rò pé tó o bá mọ̀ pé aṣọ kéré, wàá pa ẹnu ẹ dé. Ebi ò pa ìyàwó tuntun kú rí.

ÀBÚRÒ: Mo bẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ na téèpù yíká mi, mo ní, Bọ̀ọ̀dá, bí mo ṣe rí yìí ni kí ẹ ṣe rán an o. Ẹ ní ẹ ti gbọ́.

TÉLỌ̀: Mo gbọ́. Mi ò gbà. Nǹkan méjì nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Ẹ ò wá bi mí bóyá èmi fẹ́ dín kù?

TÉLỌ̀: Ta ló ń bi àgbá bóyá ó fẹ́ dín kù? Ìwọ náà sọ fún mi pé ò ń rìn lárààárọ̀. Ìrìn kí lò ń rìn nígbà náà?

ÀBÚRÒ: Mò ń rìn torí kí ọkàn mi lè lágbára. Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ibí. Mò ń lo oògùn mi, mò ń jẹ ẹ̀fọ́ mi, mò ń sùn nígbà tó yẹ. Mo fẹ́ pẹ́ láyé ni. Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ tín-ín-rín?

TÉLỌ̀: Màlúù tó ń rìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ó di ewúrẹ́ rí?

ÀBÚRÒ: Màlúù ò bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ òun di ewúrẹ́.

[Ẹ̀rín imú, kúkurú. Ó dà bíi pé ó há sí ibì kan.]

ÀBÚRÒ: Mo máa sọ nǹkan kan fún yín kí ẹ lè rẹ́rìn-ín yó. Dígí ńlá kan wà níbí tí àwọn oníbàárà fi ń yẹ ara wọn wò. Lárààárọ̀ tí mo bá dé, mo máa ń dúró níwájú ẹ̀, mo máa ń kí ara mi. Mo máa ń ní, ẹ kú iṣẹ́.

TÉLỌ̀: Ta lò ń kí?

ÀBÚRÒ: Itan mi. Ikùn tó gbé ọmọ méjì. Apá yìí. Ẹ̀yin ń jókòó ṣiṣẹ́. Èmi, ìdúró ni, látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Itan tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ló ń gbé mi dúró.

TÉLỌ̀: Ó ń kí ikùn kú iṣẹ́! Ikùn! Iṣẹ́ wo ni ikùn ẹ ṣe ju pé— ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ wa. Nọ́ọ̀sì tó wá sí àdúgbò yín náà, tó ní kí ẹ mú apá wá kóun wo ẹ̀jẹ̀ yín, tí ẹ lé lọ.

TÉLỌ̀: Mo ní kó lọ bá àwọn alára. Èmi ò ní ọ̀rá lára. Ibo ni ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ gbà wọlé?

ÀBÚRÒ: Bàbá wa ńkọ́? Bàbá sanra ni?

TÉLỌ̀: Ayé ló ṣe Bàbá.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀jẹ̀ ló ru mọ́ Bàbá lórí! Bàbá tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àjà. Èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹ̀yin ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ ń gé aṣọ.

TÉLỌ̀: Má gbé ti Bàbá wá síbí. Mi ò tíì parí ẹjọ́ yẹn pẹ̀lú ẹ.

ÀBÚRÒ: Èmi náà ò tíì parí ẹ̀. Ẹ tú aṣọ mi. Ẹ tú u, kí ẹ fún un láyè níbàdí.

TÉLỌ̀: Kò ṣeé tú.

ÀBÚRÒ: Kí ló dé?

TÉLỌ̀: Mi ò fi etí aṣọ kankan sílẹ̀ nínú tí a lè tú. Ó tún wá... Àgbá, aṣọ yẹn ya.

ÀBÚRÒ: Ó ya báwo?

TÉLỌ̀: Sísọ́ọ̀sì yà lọ. Mò ń gé etí ọrùn. Ó kàn yà lọ fúnra ẹ̀. Láti ọrùn dé ikùn.



ÀBÚRÒ: Aṣọ funfun tí Màmá fi sílẹ̀ fún mi.

TÉLỌ̀: Òun náà.

ÀBÚRÒ: Tí Màmá dì mọ́ inú àpótí, tó ní, ọjọ́ tí o bá lọ́kọ—

TÉLỌ̀: Ọjọ́ náà ló pẹ́ jù. Aṣọ ti gbó.

ÀBÚRÒ: Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni!

TÉLỌ̀: Mi ò mọ̀ọ́mọ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ mọ̀ọ́mọ̀! Látìgbà tí ẹ ti ń gé aṣọ, ẹ ò ba aṣọ oníbàárà kankan jẹ́ rí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fọ́nnu ẹ̀. Ó wá kan èmi, sísọ́ọ̀sì wá di ẹṣin, ó ń sáré!

TÉLỌ̀: Mo ní ọwọ́ ló—

ÀBÚRÒ: Ọwọ́ tó gé aṣọ Màmá mi bẹ́ẹ̀, kó rọ!

[Láti inú lọ́hùn-ún ilé ìfọṣọ, ohùn Mádàámù tó ni ibẹ̀: "Àǹtí, kí ló dé?"]

ÀBÚRÒ: Kò sí nǹkan, Mádàámù. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

TÉLỌ̀: O ṣépè fún mi.

ÀBÚRÒ: Mo ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó kù. Fóòmù.

TÉLỌ̀: Kí ni?

ÀBÚRÒ: Fóòmù èjìká. Ta ló ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì yín? Kò sí ṣẹ́ẹ̀tì yín kan tó wọ ibí tí kò ní fóòmù léjìká, tí kò ní láyà. Tí mo bá fún un, omi ń ṣàn bí kànrìnkàn. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mò ń pa á mọ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀.

TÉLỌ̀: Ìwọ...

ÀBÚRÒ: Kí ló mú yín bá Onífọ́tò tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kan tiyín jà? Ó ya yín ní fọ́tò láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, lọ́jọ́ tí ooru mú. Ẹ rí ọrùn yín bíi ti alángbá, ẹ ní kámẹ́rà ń purọ́. Látìgbà náà ẹ ò dáhùn kíkí ẹ̀ mọ́. Èmi fẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo fẹ̀. Mo gbé ara mi wọ ìta bó ṣe rí. Ẹ̀yin tí ẹ fi fóòmù ṣe ẹran ara, kí lẹ ń sá fún?

TÉLỌ̀: Ta... ta lo ṣọ fún?

ÀBÚRÒ: Kí lẹ wí?

TÉLỌ̀: Mo ní ta lo ṣọ... ṣẹ́ o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ ti mutí! Ọ̀sán gangan! Ẹ mutí, ẹ wá mú sísọ́ọ̀sì sí aṣọ ìyàwó! Kò burú. Ẹ mu ún yó.

TÉLỌ̀: Omi ni mo mu. Omi laṣán. Kò fẹ́ dúró.

ÀBÚRÒ: Kò fẹ́ dúró níbo?

TÉLỌ̀: Lẹ́nu. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde. Ó ti rin mí láyà... fóòmù ti mu ún.

[Ayọ́nù ń ṣe ṣáà lórí ojú kan. Kò kúrò níbẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá.

TÉLỌ̀: Hẹn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbẹ́ wo lẹ́nu yín?

TÉLỌ̀: Má bi mí ní...

ÀBÚRÒ: Ọwọ́ wo ni sísọ́ọ̀sì ti ń bọ́?

TÉLỌ̀: Ọ̀tún. Ọwọ́ wo ni wọ́n fi ń gé aṣọ?

ÀBÚRÒ: Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́?

TÉLỌ̀: Ó ṣùn. Mo jókòó lé e pẹ́. Àgbá, má bi mí ní ìbéèrè bíi ti—

ÀBÚRÒ: Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kí ẹ gbé méjèèjì sókè.

[Fóònù kan pákó.]

TÉLỌ̀: Mo ti gbé e.

ÀBÚRÒ: Ẹ wo ọ̀tún. Ẹ fi ojú yín wò ó. Ibo ló wà?

TÉLỌ̀: Ó wà... Ó wà lórí aṣọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní ẹ gbé e.

TÉLỌ̀: Mo gbé e. Mo ní mo gbé méjèèjì!

MÁDÀÁMÙ: Àǹtí! Ẹ̀ ń jó aṣọ oníbàárà o!

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kó jó! Mádàámù, ẹ dákun, fóònù yín. Káàdì Onífọ́tò tó máa ya wá ní Sátidé wà létí dígí. Ẹ pè é. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó kan tiẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló ń kọ lù ú, kó sáré síbẹ̀ kó gbé e lọ sí hospital. Kó sáré!

TÉLỌ̀: Rọ... kí lo wí?

ÀBÚRÒ: Rọpárọsẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá. Bíi ti Bàbá. Nọ́ọ̀sì ní tí wọ́n bá tètè gbé èèyàn dé, ó ṣì lè— ẹ dìde, ẹ lọ ṣílẹ̀kùn.

TÉLỌ̀: Ìwọ lo ṣe é. O ní kí ọwọ́ mi rọ.

ÀBÚRÒ: Ó ti rọ kí n tó sọ ọ́! Aṣọ ti ya kí n tó sọ ọ́! Ẹ dìde!

[Àga wọ́ nílẹ̀. Nǹkan wúwo ṣubú. Mímí, tó sún mọ́ fóònù, tó tún jìnnà.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Ilẹ̀ ni mo wà. Fóònù bá mi ṣubú.

ÀBÚRÒ: Ẹ wà níwájú wíńdò?

TÉLỌ̀: Lábẹ́ ẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ó dáa. Ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn yín? Ẹ bọ́ ọ. Kí ẹ jù ú gba wíńdò.

[Ilẹ̀kùn irin ń dún gbọ̀n-ìn gbọ̀n-ìn lọ́dọ̀ Télọ̀. Ohùn ọkùnrin kan láti ìta.]

ONÍFỌ́TÒ: Télọ̀! Télọ̀, èmi ni o! Ṣílẹ̀kùn!

TÉLỌ̀: Ta nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Onífọ́tò ni.

TÉLỌ̀: Kò... kò lè wọlé mi.

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ìjà sílẹ̀!

TÉLỌ̀: Ó máa rí mi nílẹ̀. Fóòmù ti rin. Ó ti bẹ́ jáde.

ÀBÚRÒ: Kó rí i! Kí gbogbo ayé rí i! Ọrùn yín nìyẹn, àyà yín nìyẹn, òun ni Ọlọ́run fún yín, òun náà la fẹ́ gbé lọ sí hospital. Ju kọ́kọ́rọ́!

TÉLỌ̀: Ò ń pè mí ní "ìwọ".

ÀBÚRÒ: Mò ń pè ọ́! Jù ú!

TÉLỌ̀: Gba èpè ẹ padà.

ÀBÚRÒ: Mo gbà á. Mo kó o jẹ padà. Kò ní mọ́ yín lára. Ẹ jù ú.

TÉLỌ̀: Kó o sọ pé... aṣọ náà. Pé ìwọ lo ṣanra jù.

ONÍFỌ́TÒ: Télọ̀! Wọ́n ní kí n gbé ẹ! Mọ́tò ti wà níta!

[Mímí obìnrin náà, lẹ́ẹ̀kan.]

ÀBÚRÒ: Mo sanra. Mo fẹ̀ bí àgbá. Ara mi ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín títí ẹ ó fi darúgbó, mi ò ní bínú. Kí ẹ ṣáà darúgbó. Ẹ fi ọwọ́ òsì já okùn yẹn, kí ẹ fi òsì náà ju kọ́kọ́rọ́ síta.

TÉLỌ̀: Òsì kẹ̀?

ÀBÚRÒ: Òsì. Ọ̀tún ti kú.

TÉLỌ̀: Mo fi òsì na nǹkan sí èèyàn? Sí... sí ọ̀tá mi? Yóò ròyìn mi káàkiri. Wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

ÀBÚRÒ: Ta ló ń wo ẹ̀kọ́ lónìí? Bọ̀ọ̀dá, mo bẹ̀ yín, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, ọwọ́ òsì!

ONÍFỌ́TÒ: Mo wà lẹ́nu wíńdò o! Jù ú sí mi!

TÉLỌ̀: Ẹ̀yin obìnrin... ẹ máa ń pariwo. Mo ti bọ́ ọ. Ó wà lọ́... lọ́tùn-ún.

ÀBÚRÒ: Rárá! Bọ̀ọ̀dá, rárá, òsì—

TÉLỌ̀: Ó tóó. Mo ti jù ú.

[Irin kékeré kan kan ilẹ̀, tín-ín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù gan-an.]

ONÍFỌ́TÒ: Kò sí nǹkan níta ńbí! Kọ́kọ́rọ́ dà?

ÀBÚRÒ: Ẹsẹ̀ yín ló bọ́ sí. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ fóònù ló wà. Ẹ fi òsì wá a, ẹ fi ọwọ́ òsì—

TÉLỌ̀: Mo ti jù ú. Ṣọ fún un kó wo ilẹ̀ dáadáa. Ojú ẹ̀... ó fọ́ bíi kámẹ́rà ẹ̀.

[Ẹ̀rín. Kò gba imú jáde mọ́. Ilẹ̀kùn irin ń dún, ń dún.]

ÀBÚRÒ: Bọ̀ọ̀dá! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Àgbá.

ÀBÚRÒ: Mo wà níbí. Èmi ni. Àgbá ni.

TÉLỌ̀: Ṣé o... ọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Mo gbọ́ yín, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ na ọwọ́ òsì sí—

[Fóònù já.]